Ilé Onítáyà Tí Armande Fi Sílẹ̀

Yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ tán lóṣù karùn-ún nígbà tí Rosaire, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àti Ghislaine ìyàwó rẹ̀ mú mi dání lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ tó wà létí adágún Sablon, lókè ìlú Trois-Rivières. Wọ́n fẹ́ yan ilé onítáyà tí wọn yóò máa gbé nígbà ooru, títí ewé igi yóò fi pupa. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í rìn mọ́. Wọ́n á ti gbé e ka orí búlọ́ọ̀kù, wọ́n á ti kan àtẹ̀gùn mọ́ ọn, wọ́n á sì ti fa omi àti iná wọ inú rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Fernand tó ni ọgbà náà ló mú wa káàkiri. Ilé àkọ́kọ́ funfun báláú, ó sì ń rùn bíi bàtà tuntun. Rosaire ti fẹ́ràn rẹ̀ kó tó wọlé tán, nítorí tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lára ògiri. Ghislaine ò tiẹ̀ wo tẹlifíṣọ̀n. Ó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta. Ó wọ ilé ìwẹ̀, orúnkún rẹ̀ gbá ilẹ̀kùn.

"Rosaire, wá wo ibí," ó ní. "Pẹ̀lú ikùn tó o gbé síwájú yìí, ẹ̀yìn lo máa fi wọ ilé ìwẹ̀, bí ọkọ̀ tó wá já yanrìn."

"Ikùn mi máa fà sẹ́yìn tó bá yá," Rosaire fèsì.

"Láti ìgbà wo ló ti ń yá?"

Fernand rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ilé náà kò ní igi kankan nítòsí, ibi tí gbogbo ọgbà ń da ìdọ̀tí sí ló sì kọjú sí. Ghislaine béèrè bóyá kò sí òmíràn. Fernand fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ọ̀kan wà nísàlẹ̀, lábẹ́ àwọn igi páìnì," ó wí. "Ó ti gbó o."

Nígbà tá a débẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn fún wa, ó sì padà sẹ́yìn. "Ẹ wọlé. Bàtà mi ní ẹrẹ̀." Bàtà kan náà ló fi tẹ kápẹ́ẹ̀tì ilé funfun. Mo kíyè sí i.

Inú ilé yìí tutù, ó sì mọ́ tónítóní. Ghislaine, tó fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì jẹun títí ó fi fẹ̀yìn tì, bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ilé náà wò bí ẹni ń yẹ aláìsàn. Ó fẹsẹ̀ tẹ gbogbo igun ilẹ̀ bóyá pákó ti jẹrà. Ó wo àjà bóyá òjò ti ń jò síbẹ̀. Ó ki orí sábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, ó gbóòórùn ibẹ̀.

"Ilé tó gbẹ ni," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká jókòó, ká wo bó ṣe rí lára."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sídìí tábìlì, níwájú fèrèsé tó kọjú sí adágún. Omi náà dákẹ́ rọ́rọ́, ewé kan kò mì. Ìgbà náà ni ilẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ wa.

Ẹni tó bá ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé bí ẹnì kan bá dìde ní ìyẹ̀wù, ẹni tó wà ní ilé ìdáná á mọ̀ ọ́n lábẹ́ ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Ẹnì kan dìde ní ìyẹ̀wù. Ó rìn bọ̀, pákó ń rẹlẹ̀, ó ń gbéra, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. A kò rí ẹnikẹ́ni. A kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Àwọn ife tó so rọ̀ lórí ògiri nìkan ló ń gbọ̀n, tí wọ́n ń kanra wọn.

Mi ò mọ ìgbà tí Rosaire gba fèrèsé jáde. Ìta ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ghislaine ò kúrò lórí àga. Ó ń wo ilẹ̀. "Obìnrin ni," ó sọ wẹ́lẹ́. "Ẹsẹ̀ òsì ń dùn ún."

Fernand ò jiyàn nígbà tá a jáde. "Ó rìn, àbí?" ó béèrè. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé. Armande àti Léopold ọkọ rẹ̀ ló ni ilé náà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, omi adágún tó dì ti ń rọ̀ nígbà tí Léopold ní òun ń lọ wọ́ àtíbàbà tí òun máa ń jókòó sí pẹja lórí omi dídì náà kúrò. Armande dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Omi dídì ya mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó sì rì. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọ̀sán, Armande á dìde lórí ibùsùn, á tiro wá sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo omi. Òtútù tó kọjá yìí ló kú nílé ìwòsàn. Mireille ọmọ wọn ló ní kí òun tà á.

"Ilé funfun la máa rà!" Rosaire pariwo.

"Ṣé ó máa ń jáde kọjá ẹnu ọ̀nà?" Ghislaine bi Fernand, bí ẹni pé ọkọ rẹ̀ ò sọ̀rọ̀.

"Kò jáde rí."

"Ó dáa. A mú un."

"Ghislaine! Òkú ń gbébẹ̀!"

"Obìnrin tó ń wọ̀nà fún ọkọ rẹ̀, kí ló fẹ́ fi ẹ́ ṣe? Ṣé ìwọ ló ń wá ni?"

Báyìí ni wọ́n ṣe ra ilé náà. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mò ń lọ kí wọn. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, Rosaire á mú fìlà rẹ̀, á lọ máa ta káàdì lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò. Ghislaine á ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, kantíkantí á sì máa wọlé bó ṣe wù wọ́n.

"Ìyàwó wa," mo bi í lọ́jọ́ kan, "kí lo ń ṣílẹ̀kùn fún un sí?"

"Ọkọ mi, ó ti pẹ́ tó ti ń gba ojú gíláàsì ilẹ̀kùn wo ìta. Jẹ́ kó rí ìta dáadáa."

Ọjọ́ yẹn gan-an, ojú ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ìyẹ̀wù àti ilé ìdáná ni mo wà nígbà tó dé. Pákó tí mo dúró lé rọlẹ̀, mo gbóòórùn pàúdà àgbàlagbà. Mo lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹnu mi ṣàdédé sọ pé, "Ẹ má bínú, mà." Ó kọjá.

Nígbà tí ooru ń parí lọ, ògiri tí wọ́n fi sé omi adágún náà nísàlẹ̀ fẹ́ àtúnṣe, wọ́n sì jẹ́ kí omi fà. Ẹrẹ̀ yọ jáde, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ọgbà. Lábẹ́ àwọn ìtì igi tó ti wó sómi tipẹ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti rí Léopold. Wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ Armande.

Láti ibi ìsìnkú ni Mireille ti wá sọ́dọ̀ wa. Ó ní òun kàn fẹ́ fojú kan ilé náà. Ghislaine gbé kọfí àti àkàrà èso búlúbẹ́rì sílẹ̀. Rosaire náà jókòó, nítorí ojú ń tì í láti sá níwájú àlejò. A ò tíì sọ ohunkóhun fún Mireille.

Ilẹ̀ rọlẹ̀ ní ìyẹ̀wù.

Mireille gbé ife kalẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ lábẹ́ ara rẹ̀ bí àwa náà ṣe ń gbọ́ ọ: ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì tó ń fà. Ghislaine sáré ṣílẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

Àtẹ̀gùn ìta wá dún. Ohun tó wúwo ń gùn ún bọ̀, díẹ̀díẹ̀. Ilé náà fì sí ìhà ẹnu ọ̀nà, bó ṣe máa ń ṣe tí ọkùnrin sígbọnlẹ̀ bá ń wọlé, kọfí sì dà kúrò nínú ife gbogbo wa. Rosaire di ọwọ́ mi mú débi pé òrùka mi wọnú ẹran.

"Bàbá," Mireille wí, bí ọmọ kékeré.

Ìwúwo méjèèjì dúró pa pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, wọ́n jọ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọn ò kánjú, wọ́n lọ sí ìyẹ̀wù. A gbọ́ tí ibùsùn dún. Ilé náà padà dúró ṣinṣin.

Ghislaine lọ wò. Aṣọ ibùsùn tẹ́ pẹrẹsẹ bó ṣe fi í sílẹ̀. Mireille sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó sì tọrọ àyè láti sinmi. Orí ibùsùn náà ló sùn sí títí oòrùn fi rọ̀. Nígbà tó jí, ó jẹ gbogbo àkàrà tó ṣẹ́ kù, ó dì mọ́ Ghislaine, ó wakọ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, bí ilé yẹn bá mì, àwa tá a wà láàyè la mì ín. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ti Rosaire. Kì í lọ ta káàdì mọ́ lọ́sàn-án. Á jókòó sídìí tábìlì, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé e, bí ẹni tó ń retí kí pákó tún rọlẹ̀. Tí mo bá bi í pé kí ló ń ṣe, á ní òun kàn ń sinmi ni, kí n má dá òun lóhùn.