Ẹni Tó Wá Dógò

Ẹsẹ̀ àga náà yọ, ó dún pàà, agbowó-gbèsè sì bá ara rẹ̀ nílẹ̀ láàárín ìyẹ̀fun igi.

"Yéè!" ni gbẹ́nàgbẹ́nà kígbe. Obìnrin ni. Ìyá Alága ni àdúgbò ń pè é, nítorí àga tó ń kàn. Kì í ṣe agbowó ló kígbe fún o. Àga ló kígbe fún.

Ọjọ́ tí agbowó kọ́kọ́ jáde iṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀gá rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ayánilówó ti kọ́ ọ dáadáa: "Má jà, má bú ẹnikẹ́ni. Ṣáà lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbèsè. Ibi tí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́, má jókòó síbẹ̀. Ìjókòó tó dára jù ni kí o mú, kí gbogbo ayé lè rí ọ. Ìtìjú ni yóò bá wa gba owó wa." Nítorí náà, nígbà tí Ìyá Alága nawọ́ sí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó kọjá lára bẹ́ǹṣì, ó lọ fi ìdí lé ọ̀kan nínú àwọn àga mẹ́fà tuntun tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù. Ó fẹ̀yìn tì, ó ń mì síwá sẹ́yìn. Gọ́ọ̀mù ẹsẹ̀ àga kò tíì gbẹ.

"Ṣé o mọ ohun tí o ṣe?" ni Ìyá Alága bi í. "Ọ̀gá ilé-ìwé ló ni àga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọ̀sán yìí ló ń bọ̀ wá kó wọn. Ó ní bí ọ̀kan bá dín, òun ò san nǹkan kan. Owó yẹn ni mo fẹ́ kó fún yín! Bí n ò bá san án lónìí, ẹ̀yin náà lẹ máa wá gbé ẹ̀rọ ìrẹ́pákó mi lọ lọ́la. Kí ni kí n wá máa fi ṣiṣẹ́? Eyín?"

Agbowó na ọwọ́ mú ẹsẹ̀ àga tó yọ náà, gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n ní kó wá gba owó, ó sì ti fi ìdí ara rẹ̀ ba owó náà jẹ́. Ojú tì í débi pé ó gbàgbé láti dìde.

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì. Bàbá ni, bàbá tó bí Ìyá Alága, tí òun náà ń ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. "Adìẹ bà lókùn," ni Bàbá wí, "ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ọmọ mi, ṣé o tilẹ̀ mọ orúkọ iṣẹ́ tí o wá ṣe?"

"Agbowó ni mí, sà."

"O wá dógò tì wá ni. Bàbá mi sọ fún mi pé láyé àtijọ́, bí gbèsè bá ti pẹ́ jù nílẹ̀, olówó á bẹ ológò níṣẹ́. Ológò á lọ jókòó sílé onígbèsè, á ní òun ò lọ. Á máa bú wọn, á máa pa wọ́n ládìẹ jẹ. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sú wọn, wọ́n á wá owó náà jáde."

Ara agbowó bù máṣọ. Ó ti rò pé ọgbọ́n tuntun ni ọ̀gá òun kọ́ òun.

"Ṣùgbọ́n ológò kan jókòó pẹ́ níbìkan," ni Bàbá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ó pẹ́ títí ó fi mọ ohun tó ń dun ilé náà. Òun náà ló padà lọ bẹ olówó pé kó fún wọn láyè, pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ojú kan náà tí a fi ń ṣọ́ èèyàn la fi ń rí ìyà tó ń jẹ ẹ́."

Ìyá Alága ò ráyè ìtàn. Ó ti ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, ó ti fi tuntun sí i, ó kan ẹsẹ̀ náà wọlé, ó dojú àga dé, ó sì gbé pákó lé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n irin tó fi ń fún igi pọ̀ wà lára tábìlì oníbàárà mìíràn. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo agbowó láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń wọn igi.

"Ara rẹ wúwo díẹ̀," ló wí. "Wá jókòó."

"Mà?"

"Àbí kì í ṣe ìjókòó ni wọ́n rán ọ? Jókòó lé pákó yìí. Bí o bá mì pẹ́nrẹ́n, òòlù yìí ló máa bá ọ sọ̀rọ̀."

Ó jókòó. Eṣinṣin bà lé e nímú, kò lé e. Àwọn tó ń kọjá lọ ń yọjú wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ìtìjú tí ọ̀gá rẹ̀ ní kó gbé wá sì di tirẹ̀. Láti orí pákó ló ti ń wo Ìyá Alága tó ń fi ìwé ìhagi ha abẹ́ àga márùn-ún yòókù, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò ní dé. Ó ń ha á, ó ń fọwọ́ pa á, ó tún ń ha á. Agbowó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run nínú ara rẹ̀ kí gọ́ọ̀mù gbẹ.

Ọ̀gá ilé-ìwé dé lọ́sàn-án, obìnrin tó síngbọnlẹ̀. Ó ń fìdí lé àga wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ẹ̀kẹfà, èyí tí wọ́n ti tún ṣe tí wọ́n sì ti dá dúró, agbowó di ojú rẹ̀. Àga náà ò tilẹ̀ dún.

Bí owó ṣe bọ́ sọ́wọ́ Ìyá Alága ló kó o fún agbowó. Ó fi ẹ̀gbẹ́ aṣọ nu ojú. "Wọn ò gbé ẹ̀rọ mi lọ mọ́," ló ń wí, "wọn ò gbé ẹ̀rọ mi lọ mọ́," ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Fóònù agbowó dún. Ọ̀gá rẹ̀ ni.

"Wọ́n ti san?"

"Wọ́n ti san, sà."

"Ṣé o jókòó bí mo ṣe kọ́ ọ?"

Agbowó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí gọ́ọ̀mù ti gbẹ mọ́. "Mo jókòó, sà."

Ó mú báàgì rẹ̀, ó dojú kọ ilẹ̀kùn. Bàbá sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ pa ibi tó ṣófo. Iṣẹ́ ti parí, kò sí gbèsè tí agbowó ń dúró dè mọ́. Ó jókòó síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà, wọ́n sì jọ ń gbọ́ bí ẹ̀rọ ìrẹ́pákó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.