Òwìwí Orí Páálí

Ẹ̀rù a máa sọ ọlọ́gbọ́n di òpè, ẹ má jiyàn. Hannah, ìyàwó Pius àgbẹ̀ kòkó ní Àgọ́-Aláyè, gbọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Màmúdù awakọ̀ gbé páálí kékeré kan dé láti pọ́sìófíìsì Ore, ọgbọ́n náà fò lọ.

Ọdún kejì òmìnira ni. Dókítà ní Ìbàdàn ti yọ ohun funfun tó bo ojú Pius, ó ní ó di ìgbà tó bá rí awò tó nípọn lò kó tó lè dá ènìyàn mọ̀. Olúfúnṣọ́ ọmọ wọn, tó ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ní Pólàǹdì, ti ṣèlérí awò ọ̀hún, Hannah sì ti ń gbààwẹ̀ lé e lórí ní ilé àdúrà. Àfi bó ṣe wo orí páálí: sítáǹpù mẹ́ta, idì kan, àṣá kan, àti òwìwí tó ranjú mọ́ ọn.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

Ta ni kò mọ irú iṣẹ́ tí òwìwí ń jẹ́? Ó dá a lójú pé ayé ti gba ibẹ̀ wọlé, kí wọ́n lè ba ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sàn jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ́ tí yóò fi sin páálí náà.

"Kí ló dé?" Pius béèrè láti orí àga.

"Bàbá Fúnṣọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án o! Òwìwí ló wà lára ẹrù tí ọmọ yín fi ránṣẹ́."

"Èmi ò rí òwìwí kankan."

"Èmi rí i!"

"Ìwọ tó rí i ni kó máa bẹ̀rù. Ẹyẹ tí mi ò rí kò lè lé mi nídìí ẹrù ọmọ mi. Gbé e wá."

Hannah wọ́n omi àdúrà sí i, ó gbé e fún ọkọ rẹ̀, ó sì di ojú méjèèjì. Ó ń gbọ́ bí bébà ṣe ń ya. Ó ń bẹ Ọlọ́run kó má jẹ́ kí ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù fún Pius parẹ́.

"Hannah."

Kò pè é lórúkọ yẹn mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí Fúnṣọ́. Ó lajú. Awò tó nípọn bí ìdí ìgò wà lójú Pius, omijé sì ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀.

"Ewú ti yọ létí rẹ," ni Pius wí. "O ò kúkú dúró dè mí kí a jọ darúgbó!"

Hannah rẹ́rìn-ín, ó sunkún. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Fúnṣọ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀, ó sì tú gèlè orí rẹ̀, kó lè rí ìyókù.