Mo Ní Ooru Ni

…ooru kì í lómi lórí. Mo mọ̀. Mo ti tọ́mọ, mo ti rí ooru lára ọmọ. Wẹ́wẹ́ ni, gbígbẹ ni. Èyí tó yọ sí mi láyà yìí ń dán bí ojú ẹja, omi wà nínú rẹ̀, ó sì ti ń rìn lọ sẹ́yìn —

"Màámi, kí lèyí?" Ìyàwó ọmọ mi ló bi mí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀. Mo ní, "Ooru ni jàre. Ṣé o ò rí bí oòrùn ṣe ń ràn ni?"

Bí mo ṣe ń ta aṣọ àlòkù nìyẹn. Oníbàárà á nawọ́ sí àbàwọ́n, èmi á ní bátànì ni. Á rà á, á tún dúpẹ́. Opó tí ẹnu rẹ̀ kò bá mú, ebi ni yóò pa á.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo tà á fún lónìí… oyún wà níkùn rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì sì ti sọ fún mi lánàá. Nọ́ọ̀sì ọ̀hún, ọmọ kékeré tó jọ pé àná ni wọ́n já a lẹ́nu ọmú. "Ìyá, ó lè jẹ́ kòkòrò àìfojúrí, fáírọ́ọ̀sì. Tó bá jẹ́ òun, ó ń ràn. Ṣé aboyún wà nílé?" Mo ní kò sí. Kíá. Bí ẹni ń lé eṣinṣin.

Ó ń ràn. Oòrùn ń ràn. Ọ̀rọ̀ kan náà, èmi ni mo yí i dojúdé…

Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Èyí tí mo dà, ọmọ inú ló tọ̀ lọ. Bóyá. Nọ́ọ̀sì ní ó *lè* jẹ́. Ó lè má jẹ́ —

Irọ́. Má tà á fún ara rẹ.

Kí ló dé tí mi ò sọ? Kí wọ́n má baà lé mi? Ta ló fẹ́ lé mi? Ìyàwó tó ń gbé omi ìwẹ̀ fún mi tòun toyún níkùn? Kì í ṣe ìyẹn.

Ìkunra tí nọ́ọ̀sì fún mi ni. Láàárọ̀ yìí, ó bù ú sọ́wọ́, ó ní, "Ẹ kẹ̀yìn sí mi, ọwọ́ yín ò lè débẹ̀." Ọwọ́ rẹ̀ lásán. Ó ń fi pa mí lẹ́yìn, jẹ́jẹ́… Láti ìgbà tí baálé mi ti kú, ta ló tún fọwọ́ kan ẹ̀yìn yẹn? "Dúró" ti wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì.

Mo mọ̀, mo sì fẹ́ ọwọ́ yẹn. Òun nìyẹn. Kò ní orúkọ míì.

Sílípáàsì rẹ̀ ló ń dún bọ̀ yẹn, ìkunra ọ̀sán ti yá. Kí n ní kó má wọlé… Ọwọ́ mi ti wà lórí bọ́tìnnì bùláúsì. Ọwọ́ mi ń tú u.