Olú Tí Ọ̀gá Òkè Kó Bọ̀

Ọ̀gá Òkè ni àwọn oníbàárà ń pe onígbàjámọ̀ yìí, nítorí pé bó bá ti ń gẹrun fún ènìyàn, ọ̀rọ̀ òkè ló máa ń sọ: bí wọ́n ṣe ń gùn ún, bí wọ́n ṣe ń pàgọ́ síbẹ̀, àwọn ohun jíjẹ tó ń hù nínú igbó rẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló gùn ún rí, ẹ̀yìn ẹlòmíì ló sì tọ̀. Inú fóònù ló ti rí ìyókù.

Nígbà tí ìyá ìyàwó rẹ̀ wá kí wọn, kò lè pa ẹnu mọ́. Ó ní àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò lọ sùn lórí òkè. Màmá náà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, mú ọ̀pá, ó sì yára gùn ún ju ọkọ ọmọ rẹ̀ lọ. Bí Ọ̀gá Òkè ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni màmá ń dúró dè é, tó ń ṣe bíi pé òdòdó lòun ń wò.

Bóyá ìyẹn ló ká a lára. Nígbà tí wọ́n pàgọ́ tán, ó wọ abẹ́ igi lọ, ó sì kó olú funfun bọ̀ kún fìlà. Ìyàwó rẹ̀ ní búrẹ́dì tí àwọn gbé wá tó òun. Màmá wo olú náà títí, ó bi í jẹ́jẹ́ bóyá ó dá a lójú pé ó ṣeé jẹ.

"Mà, ṣé ẹ rò pé mo lè fún yín ní ohun tí ò dáa ni?" Ohùn rẹ̀ ti le díẹ̀.

Nígbà tó sè é tán, màmá gba àwo, ó jẹ ẹ́ tán, ó dúpẹ́. Ìgbà náà ni Ọ̀gá Òkè tó tọ́ tirẹ̀ wò. Ó korò. Ó rọra da ìyókù sẹ́yìn àgọ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kí oòrùn tó yọ, èébì ti dá màmá dùbúlẹ̀. Ọ̀gá Òkè pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀. Gbogbo ìgbà tí màmá bá bì, á máa tọrọ àforíjì nítorí ẹ̀wù ọkọ ọmọ rẹ̀ tó ń bà jẹ́.

Ní ọsibítù, dókítà bi wọ́n ní ohun tí màmá jẹ.

"Olú ni," màmá ní. "Èmi ni mo kó o. Ọkọ ọmọ mi kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́."

Ìyàwó Ọ̀gá Òkè wo ọkọ rẹ̀, ó sì kọjú sí fèrèsé. Ọ̀gá Òkè wolẹ̀. Àfìgbà tí dókítà jáde ló tó sáré tẹ̀ lé e, tó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan kíkorò olú náà. Dókítà kò bá a wí. Ó kàn ní kó wọlé lọ jókòó ti màmá. Ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kó bú u.

Nígbà tí ara màmá ti ń mókun, Ọ̀gá Òkè dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Mà, ó korò lẹ́nu mi. Mo dà á nù, mi ò sì sọ fún yín."



"Ìyẹn ni mi ò mọ̀," màmá ní, ó sì yíjú sí ògiri.

Ọjọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, ìyàwó ló mú màmá lọ. Ọ̀gá Òkè gbé àpò dé ẹnu ọkọ̀. Màmá ní ó ṣeun, bí ènìyàn ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ alágbàrù.