Ọkọ̀ Tí Gbogbo Dunlow Mọ̀ Pé Wọ́n Ti Rí

Lorna Hruska, tó wá láti ìlú Omaha, kò tíì pé oṣù kan lẹ́nu iṣẹ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá Dunlow, ní ìpínlẹ̀ Nebraska, nígbà tí iṣẹ́ náà dán an wò. Òun ló ń jókòó ti kọ̀ǹpútà tó so àgọ́ wọn mọ́ gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ní Dunlow, ọlọ́pàá tí kò mọ Dunlow rí yóò kà á, yóò sì gbà á gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìbéèrè kan wọlé láti Wyoming. Wọ́n ti dá ọkọ̀ kan dúró lójú títì, àkọsílẹ̀ Dunlow sì ní wọ́n jí i lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Emmet Vondra. Ṣé ọ̀rọ̀ náà ṣì rí bẹ́ẹ̀? Òfin iṣẹ́ wọn ni pé a kì í fi ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan ti èèyàn mọ́lé. Àgọ́ tó kọ ọ́ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i, kíákíá sì ni.

Fóònù dún. Curtis ni, ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ tirẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá Wyoming.

"Arábìnrin, ẹ sáà sọ bẹ́ẹ̀ ni, ká ríbi lọ. Ọmọbìnrin kan ló ń wà á. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú yìnyín, wọ́n na ìbọn sí i. Ó ní ọkọ̀ bàbá àgbà òun ni."

"Kí ló pe orúkọ bàbá náà?"

"Ó ní Emmet. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn wà nínú ìwé ọkọ̀. Ṣé olè ò lè mọ̀wé kà ni?"

"Ẹ ní sùúrù fún mi. Mi ò ní jẹ́rìí ohun tí mi ò mọ̀."

"Kọ̀ǹpútà yín ló sọ ọ́ o, kì í ṣe tiwa!"

"Mo gbọ́. Ẹ ní sùúrù."

Lorna ti pinnu. Ó pe Emmet, kò gbé e. Ó pe Arlene tó ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, tí gbogbo ìròyìn ìlú ń gba ìsọ̀ rẹ̀ kọjá. Arlene bú sẹ́rìn-ín.

"Ọkọ̀ Emmet? Ìwọ ará Omaha yìí náà! Ọ̀gá yín fúnra rẹ̀ ló fà á jáde nínú odò nígbà ìkórè. Ta ni ò mọ̀?"

"Wyoming ò mọ̀, mà."

Àlejò lójú, kò fi ríran, wọ́n wí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àwọn onílé tó ríran wá ń kọ́? Inú bí Lorna gidigidi. Nítorí pé gbogbo ìlú ló mọ̀, kò sẹ́ni tó rántí sọ fún kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìsọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹnu ọ̀gá ló ti gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ọ̀gá náà, Gus Tillotson, wà níbi gbàǹjo màlúù, kò gbé fóònù. Lorna pe onígbàǹjo.

"Ẹ bá mi fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe Ọ̀gá Gus."

"Ẹ gbà á rò, a ṣì ń ta màlúù lọ́wọ́!"

"Ẹ jẹ́ kí màlúù dúró. Èèyàn wà lórí ìkúnlẹ̀."

Wọ́n pè é. Gus dé ìdí fóònù, ó ń mí hẹlẹ.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, ọ̀gá. Ọkọ̀ Emmet Vondra, ṣé ẹ rí i?"

"Láti ìgbà ìkórè! Ṣebí gbogbo ayé ló mọ̀?"

"Gbogbo Dunlow ni, sà. Ẹ ò ní ká pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti na ìbọn sí ọmọ-ọmọ Emmet ní Wyoming."

"Tess? Yé! Pa á rẹ́, pa á rẹ́!"

Lorna pa á rẹ́, ó sì fèsì. Lórí fóònù kejì, ó gbọ́ tí Curtis ń pariwo sínú rédíò pé kí wọ́n tú ọmọ náà sílẹ̀. Omi bọ́ lójú Lorna, ó nù ún.

"Ọlọ́run ṣeun," ni Gus wí. "Sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe. Màá rí Emmet tó bá yá."

"Rárá o, ọ̀gá. Ẹ máa bá ọmọ náà sọ̀rọ̀."

"Lorna, ta ni ọ̀gá nínú àwa méjèèjì?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ̀yin náà lẹ sì máa bá a sọ̀rọ̀."

Kò dúró gba ìdáhùn. Ó ní kí Curtis bá òun pe ọmọ náà sórí fóònù, ó sì so ó pọ̀ mọ́ ti Gus. Tess dé orí fóònù.

"Mo sọ fún wọn pé ọkọ̀ bàbá àgbà mi ni. Wọ́n ní ọlọ́pàá ìlú mi ló sọ pé olè ni mí."

Ariwo gbàǹjo ń bẹ lẹ́yìn Gus. Lorna di fóònù mú, ó ń retí bóyá yóò dárúkọ ẹ̀rọ.

"Tess," ni Gus wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Wọn ò purọ́ fún ọ. Èmi ni ọlọ́pàá náà."