Làálì Ìyá Rasheedat àti Ògiri Tó Ń Sáré

Ọjọ́ Jímọ̀ tí Rasheedat lé làálì fún ìyá rẹ̀ gan-an ni Tísà Desmond sọ pé ilẹ̀ ń rìn.

Ẹnu ọ̀nà yàrá ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Daddy Ọlánípẹ̀kun ní Ìkòsí ni ìyá àgbà náà jókòó sí. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú kí làálì lè gbẹ, ó wá dẹtí sí lẹ́sọ̀n. Aliyah, ọmọ Rasheedat, wà láàárín àwọn ọmọ mọ́kànlá tó wà nínú yàrá.

"Nígbà kan, gbogbo ilẹ̀ ayé lẹ̀ mọ́ra," ni Tísà wí. Ó ya ìwé kan sí méjì, ó tún fi etí wọn kan ara wọn. "Áfíríkà tiwa àti ilẹ̀ Bùràsílì, ọ̀kan ni wọ́n. Òkúta pẹrẹsẹ ńláńlá ló gbé wa rù. Òkúta gbígbóná tó ń yí díẹ̀díẹ̀ wà lábẹ́ wọn. Bí wọ́n ṣe ya nìyẹn, tí òkun wọ àárín. Wọn ò sì tíì dúró o."

"Yéè! Ilẹ̀ ń rìn, mo jókòó lé e!" Inú ìyá dùn ṣìnkìn. "Báwo ló ṣe ń yára tó, Tísà?"

"Bí èékánná yín ṣe ń hù ni, Mummy. Ìbú ìka kan tàbí méjì lọ́dún."

Orin ti dé ẹnu ìyá:

*Ilẹ̀ ń rìn o, ẹsẹ̀ rẹ̀ dà?*
*Ó ń lọ, kò dágbére,*
*Ó gbé mi pọ̀n, n ò mọ̀.*

Àwọn ọmọ ń gbè é. Àfi bí ojú ìyá ṣe bọ́ sára ògiri lẹ́yìn Tísà. Ògiri náà ti sán láti ojú fèrèsé wá sí ìsàlẹ̀.

"Daddy, ẹ wá wo ibí."

Ọlánípẹ̀kun onílé yọjú, ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ò gbọ́ ti Tísà? Ayé gan-an ló ń rìn. Ṣé èmi ni màá di ayé mú? Kó tó débi tó ń lọ, ọmọ ọmọ Aliyah á ti hewú."

Ìyá bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó gba pẹ́ńsù Aliyah, ó fa ilà síbi tí sísán náà parí sí. Bébà kan ṣoṣo ló lè wọnú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Òjò wá rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Omi dúró sẹ́yìn ilé, kò lọ mọ́. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ń lọ lù, ìyá gbé àpótí sáàárín ẹnu ọ̀nà, ó jókòó, kò jẹ́ kí ọmọ kankan wọlé.

"Mummy, ẹ dákun, a ti ń pẹ́," ni Tísà wí.

"Màmá ti di hẹdimásítà," ni Ọlánípẹ̀kun fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá gbé àtàńpàkò rẹ̀ sókè. Làálì ti kúrò nídìí èékánná, àyè funfun tó ṣí sílẹ̀ kò ju fọ́nrán òwú kan lọ. "Ọjọ́ kan náà ni mo lé làálì, tí mo fàlà sára ògiri. Èékánná mi rìn bí òwú. Ẹ lọ fọwọ́ kan ògiri yín."

Tísà wọlé. Sísán náà ti kọjá ilà pẹ́ńsù, ó ti délẹ̀. Ó ki ìka bọ̀ ọ́, ìka wọlé dé oríkèé. Eruku dà sí i lọ́rùn.

"Ayé kì í sáré báyìí, Daddy," ni ìyá wí. "Ilé yín ló ń sáré."

"Ẹ jìnnà síbí!" Ohùn Tísà ti yí padà. "Gbogbo yín, ẹ bọ́ sójú títì!"

Ìyá ka orí wọn: mọ́kànlá pé. Ó bẹ̀rẹ̀ orin kí ẹ̀rù má bà wọ́n, wọ́n sì ń gbè é, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹ fẹ́ lé àwọn ayálégbé mi lọ ni!" Ọlánípẹ̀kun fìbínú fa ilẹ̀kùn yàrá náà kó lè tì í. Ilẹ̀kùn há. Ó tún fà á. Orí férémù ti tẹ̀ wálẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ṣí láàárọ̀. Ohun kan ké kẹ́-kẹ́-kẹ́ nínú ògiri, bí igi gbígbẹ tó ń ṣẹ́.

Orin dákẹ́. Onílé fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó rọra fẹ̀yìn rìn, ó wá dúró ti ìyá lójú títì. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ta ló wà lókè?" ni ìyá bi í.