Pálọ̀ Tí Gyambibi Tì Pa

Ọkọ̀ akẹ́rù ni Kwabena Gyambibi wà jẹun títí irun orí rẹ̀ fi funfun báláú. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó padà sí Tafo ní ìlú Kumasi, ó sì kọ́lé. Kò gba ayàwòrán ilé kankan. Ó ní ẹni tó bá ti mọ bí a ṣe ń di ẹrù sínú ọkọ̀, kí ló kù tí kò mọ̀ nípa bí a ṣe ń to yàrá?

Ó fi pálọ̀ ràgàjì kan sáàárín, ó wá to àwọn yàrá yòókù yí i ká bí ọmọ adìẹ ṣe ń yí ìyá wọn ká. Ilé ìdáná wà lápá ọ̀tún, yàrá tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí wà lápá òsì, balùwẹ̀ sì wà lẹ́yìn yàrá oúnjẹ, tó jẹ́ pé àárín iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ yóò gbà kọjá. Pálọ̀ yìí ní ilẹ̀kùn ńlá kan tó kọjú síta, ó tún ní kékeré méjì lọ́tùn-ún lósì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Gyambibi tì gbọin, kọ́kọ́rọ́ wọn ò sì kúrò nídìí rẹ̀. Bí iyọ̀ ò bá tó nínú ọbẹ̀, ìyàwó rẹ̀, Afua Nsowaa, á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró yí gbogbo ilé po lọ bù ú wá ní yàrá oúnjẹ. Kó tó dé, ẹ̀fọ́ kontomire tó wà lórí iná ti jóná.

Orúnkún ló kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn. Ó ń ro Nsowaa, ó ń dún pàkà bí igi gbígbẹ. Ìyẹn ni ó jẹ́ kó ránṣẹ́ pe Adwoa Pinaman, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilé kíkọ́. Wofa ni Adwoa máa ń pe Gyambibi, nítorí arákùnrin ìyá rẹ̀ ni.

"Wofa, ẹ jẹ́ kí n yẹ ilé yìí wò, ká mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́."

"Ṣé ọkọ̀ ni, tí yóò máa ṣiṣẹ́?"

"Ilé tó dáa kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rìn lásán, Wofa."

Gyambibi rẹ́rìn-ín. "Yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwọ ni yóò wá bẹ̀ mí pé kí n kọ́ ẹ níṣẹ́."

Adwoa ra òwú àwọn ahunṣọ ní Bonwire, ó so kẹ̀kẹ́ òwú mọ́ ìbàdí kálukú. Òwú aláwọ̀ ewé ni ti Nsowaa, òwú aláwọ̀ wúrà ni ti Gyambibi. Ibi tí oníkálukú bá gbà, òwú rẹ̀ á máa já sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, òwú Nsowaa ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ìgbà tí koríko bá kún oko ọ̀lẹ. Wọ́n wá ṣí pálọ̀ wò. Òwú kankan ò sí níbẹ̀.

"Wofa, kí ni pálọ̀ yìí wà fún gan-an?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n máa tẹ́ òkú mi sí."

Kò ṣàwàdà o. Ojú rẹ̀ le koko. "Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi, Kofi Tawia, kú, yàrá rẹ̀ há débi pé àwọn tó wá wò ó ń tẹ òkú lẹ́sẹ̀. Wọn ò ní tẹ èmi lẹ́sẹ̀."

Nsowaa gbá àyà. "Nítorí òkú tí kò tíì kú, ni èmi alààyè ṣe ń yí ilé po bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ igi? Yáa kú nígbà náà, ká ríbi gbà kọjá!"

Ọ̀rọ̀ náà dun Gyambibi wọra. Lọ́jọ́ kejì, bí àwọn obìnrin méjèèjì ṣe lọ sọ́jà, ó ṣí ilẹ̀kùn ńlá pálọ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, ó so òwú wúrà mọ́ ẹsẹ̀ àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ṣé òwú ni wọ́n fẹ́ rí? Wọ́n máa rí òwú. Ó jókòó lórí àga yìí, ó dìde, ó bọ́ sórí ìyẹn. Ó yípo, ó tún padà. Kò mọ̀ pé ara òun náà ni òun ń wé. Ìgbà tí òwú fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, gbì! ó ṣubú sórí àga gígùn. Bó ṣe ń jà ni òwú ń le sí i, títí tó fi di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ mọ́ àyà. Ó rẹ̀ ẹ́. Oorun gbé e lọ.

Eno Birago, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyá Adwoa, ló ń kọjá lọ. Ó rí i pé ilẹ̀kùn ńlá ṣí sílẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti kọ́lé náà, kò tíì rí i kó ṣí rí, Adwoa sì ti sọ fún un lálẹ́ àná pé òkú Gyambibi ni pálọ̀ náà ń dúró dè. Ó yọjú, ó rí àbúrò rẹ̀ tó nà gbalaja, tí wúrà ń dán yinrin lára rẹ̀ bí òkú ọba.

"Yéè! Gyambibi! O lọ, o ò dágbére fún mi!"

Kí ó tó pa ẹnu dé, aládùúgbò ti kún pálọ̀. Ariwo ló jí Gyambibi. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ ó gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé olówó tó lawọ́ ni òun, ẹlòmíràn ní kò sí awakọ̀ tó tó òun láti Kumasi títí dé Tamale. Ta ni yóò dí ẹni tó ń yìn ín lẹ́nu? Ó pa ojú dé, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni balùwẹ̀ wà?" baba arúgbó kan ló ń béèrè. "Mo wá a, wá a, orí bẹ́ẹ̀dì ìyàwó olóògbé ni mo bá ara mi."

Obìnrin tó lọ bu omi fún Eno Birago ti kọsẹ̀ nínú òwú ewé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń gbọ́ igbe rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

"Ẹni tó kọ́ ilé yìí ò fẹ́ràn èèyàn rárá," arúgbó náà sọ.

"Baba, ẹni tó kọ́ ọ ló kú yìí."

"Háà. Kí Ọlọ́run dárí jì í."

Gyambibi ò lè fara dà á mọ́. Ó lanu: "Ẹ gba yàrá oúnjẹ! Ẹ yà sọ́wọ́ òsì lẹ́bàá iṣu!"

Ẹ ò rí eré lọ́jọ́ náà! Àwọn tó wà lápá ọ̀tún gbá ilẹ̀kùn kékeré tibẹ̀ ya, àwọn tápá òsì fi èjìká ṣí tiwọn. Arúgbó yẹn ló ṣáájú gbogbo wọn, ó sì gba ọ̀nà náà bọ́ sí balùwẹ̀ tààrà.

Nígbà tí Nsowaa àti Adwoa dé, èrò ti tú kúrò ní pálọ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba inú ilé ìdáná kọjá dé yàrá oúnjẹ. Nsowaa sọ ẹrù ọjà kalẹ̀. Ó rìn la pálọ̀ já, ó bu iyọ̀, ó padà. Ó tún lọ, láìní ohun tó fẹ́ mú.

"Nsowaa, tú mi," Gyambibi bẹ̀bẹ̀.

"Ní sùúrù, mo ń kọjá."

Adwoa ló wá fi ọ̀bẹ gé òwú náà. Eno Birago jókòó sílẹ̀, ó ń nu ojú. "Ẹkún tí mo sun yìí, mi ò ní tún un sun mọ́ o," ló sọ fún àbúrò rẹ̀. "Ọjọ́ tí o bá kú lóòótọ́, wá ẹlòmíràn."

Wọn ò tún àwọn ilẹ̀kùn náà ṣe. Gyambibi sọ pé òun máa pe káfíńtà, àmọ́ kò pè é. Àga tó wà láàárín pálọ̀ ló ń jókòó sí báyìí, nítorí ọbẹ̀ ẹyìn máa ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ ní gbígbóná, á sì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè kí Nsowaa lè rọ́nà.

"Ọjọ́ tí mo bá wá kú ńkọ́?" ó bi í lọ́jọ́ kan.

"A máa rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá," Nsowaa dáhùn, ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó ń lọ.